SFP ló jó, fáíbà ò gé: kí ni nǹkan bí ìka tó ń ti ìmọ́lẹ̀ láti Èkó dé Àkúrẹ́?

Lọ́jọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì kú ní ilé ìdánwò kọ̀ǹpútà tí ẹ̀gbọ́n mi kan dá sílẹ̀ lọ́nà FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu gbogbo wa ni pé wọ́n ti gé fáíbà. Ó ti mọ́ wa lára. Bí katakata tó ń ṣe títì kò bá hú u, àwọn tó ń gbẹ́ gọ́tà á fi díígà bẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin ẹnjiníà tó wá wò ó mi orí. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ, ó fa irin pẹlẹbẹ kan yọ tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ó ní, "Fáíbà yín ò gé, Dádì. SFP yín ló jó. Iná NEPA tó ṣẹ́ wá lálẹ́ àná ló pa á."

Ẹ̀gbọ́n gbà á, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó béèrè iye tí wọ́n ń ta tuntun. Ọmọ náà dá a lóhùn. Ẹ̀gbọ́n rọra dá irin náà padà sí i lọ́wọ́ bí ẹni tó di ẹyin mú. "Èyí? Èyí tí kò tó ẹyọ ẹran kan nínú ọbẹ̀?"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti dé orí WhatsApp àdúgbò. Àwọn kan ní gbájúẹ̀ ni ọmọ náà. Àwọn mìíràn ti gbọ́ "ZR" àti "400G" àti "kìlómítà 80" níbì kan rí, wọ́n sì rò pé iye dátà tí wọ́n fẹ́ fún wa ni. Ìjọba àpapọ̀ náà ti ní àwọn fẹ́ ri fáíbà tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 90,000 mọ́lẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, gbogbo ariwo sì dá lórí okùn náà. Ohun tí wọ́n máa kì bọ ìdí okùn náà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ láìsí i, okùn lásán ni.

Fáíbà gan-an, kí ni?

Dígí ni. Kì í ṣe bàbà bíi wáyà iná, iná mànàmáná kò sì gba inú rẹ̀ kọjá. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gbà á. Bí o bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà 1,000, bíi 9 péré nínú rẹ̀ ni fífẹ̀ ojú ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà láàárín dígí náà. Irun orí wa nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Dígí fèrèsé kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Bó o bá to dígí fèrèsé nípọn díẹ̀, o ò ní rí òdì kejì mọ́. Ní 1966 ni Charles Kao àti George Hockham, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ìṣirò hàn pé bí èèyàn bá lè mú èérí kúrò nínú dígí tó, ìmọ́lẹ̀ á lè gbé ọ̀rọ̀ rìn jìnnà nínú rẹ̀. Ní 1970, iléeṣẹ́ Corning ní Amẹ́ríkà ṣe irú dígí bẹ́ẹ̀ jáde. Wọ́n fún Kao ní ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2009, nígbà tí gbogbo ayé ti ń lò ó tán.

Ìmọ́lẹ̀ ń sáré nínú dígí yìí ní bíi kìlómítà 200,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láti Èkó sí Àkúrẹ́, ká fi sí nǹkan bíi kìlómítà 300, kí o tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó ti lọ ó ti bọ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Torí náà, nígbà tí fídíò bá ń dúró tí ó ń yí po, má ṣe sọ pé Èkó ló jìnnà. Èrò ló pọ̀ lójú ọ̀nà.

SFP wá ńkọ́?

Ògbufọ̀ ni. Kọ̀ǹpútà àti ráútà ń sọ èdè iná mànàmáná. Dígí ò gbọ́ èdè yẹn. Ẹ ti rí i níbi ìsọjí: àlejò oníwàásù ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń sọ ọ́ di Yorùbá fún ìjọ. SFP ni ògbufọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n méjì la nílò. Ti ìdí kìíní ń sọ iná di ìmọ́lẹ̀, ti ìdí kejì ń sọ ìmọ́lẹ̀ padà di iná. Àwọn méjèèjì sì ń ṣe é ní tàlọ tàbọ̀, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹnu, ó ní etí. Ẹnu rẹ̀ ni lésà kékeré kan tó ń tàn tó ń pa. Etí rẹ̀ ni ojú kan tó ń wo ìtànṣán tó ń bọ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pè é nínú ìwé ni transceiver, ìyẹn afọhùn-tún-gbọ́hùn. Lẹ́nu àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà, SFP ni, tàbí module.

Ìdílé wọn pọ̀. SFP tó wà nílé ìdánwò Ẹ̀gbọ́n, gígábíìtì 1 ló ń gbé. Àbúrò rẹ̀ tó jọ ọ́ bí ìbejì, SFP+, ń gbé 10. QSFP28 tóbi díẹ̀, 100 ló ń gbé. QSFP-DD àti OSFP ń gbé 400, wọ́n sì ti kọjá bẹ́ẹ̀ báyìí. Gígábíìtì kan ni bílíọ̀nù kan bíìtì, ìyẹn bẹ́ẹ̀-ni tàbí bẹ́ẹ̀-kọ́, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ má fi pe gígá dátà tí ẹ ń rà lórí fóònù o: bíìtì 8 ló wà nínú báìtì kan, nítorí náà ọ̀nà tó ń gbé gígábíìtì 10 á gbé dátà 1.25GB kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Kìlómítà tó wà lára rẹ̀ ńkọ́?

Ibí yìí ni ọjà ti ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́.

Lára SFP, ẹ máa rí lẹ́tà méjì. SR wà fún inú ilé, mítà ni wọ́n fi ń wọn tirẹ̀, fáíbà tí ojú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ fẹ̀ ju tiwa yìí lọ ló sì ń lò. LR ń rin kìlómítà 10. ER ń rin 40. ZR ń rin 80. Ká gbé e sórí ilẹ̀ tí a mọ̀: LR tó fún ìrìn inú ìgboro Àkúrẹ́, láti Alágbàka lọ sí FUTA. ER á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọ dé Oǹdó tàbí Ọ̀wọ̀. ZR ni ẹni tó fẹ́ na Iléṣà tààrà láìdúró lọ́nà á wá.

Kí ló ń pín wọn? Ìmọ́lẹ̀ máa ń rẹ̀. Dígí yẹn mọ́ lóòótọ́, síbẹ̀ ó ń jẹ nínú ohun tó ń gba inú rẹ̀. Pẹ̀lú àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí àwọn tó ń lọ sọ́nà jíjìn ń lò, nínú bíi kìlómítà 15 kọ̀ọ̀kan, ìdajì á ti lọ. Kìlómítà 15, ó ku ìdajì. Kìlómítà 30, ó ku ìdá mẹ́rin. Kìlómítà 45, ìdá mẹ́jọ. Tó bá fi máa dé 80, ẹyọ kan nínú 40 ló kù. Bí ẹ bá tan ìmọ́lẹ̀ kan sínú fáíbà ní Èkó tí ẹ sì retí rẹ̀ ní Àkúrẹ́ láìsí ìrànlọ́wọ́ lọ́nà, ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù kan ló máa dé ọ̀dọ̀ wa, kò sì sí etí SFP kan tó máa gbọ́ ọ.

Nítorí náà, ohun tí wọ́n ń ta fún ọ nígbà tí wọ́n bá kọ 80 sára rẹ̀ ni ẹnu tó ń pariwo àti etí tó ń gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́. Kì í ṣe ìyára. SFP+ kìlómítà 10 àti SFP+ kìlómítà 80, bákan náà ni wọ́n ń sáré.

Lórí ìrìn Èkó sí Àkúrẹ́, wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ agbémọ́lẹ̀sókè sójú ọ̀nà, ní bíi kìlómítà 80 síra wọn. Ó ń fún ìmọ́lẹ̀ lókun láìsọ ọ́ di iná mànàmáná rárá. Fáíbà kan tí wọ́n po irin tó ń jẹ́ erbium mọ́ ló ń ṣe é, láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n ṣe. Iná ìjọba tàbí dísù ló ń bọ́ ọ, nítorí náà bí dísù bá tán ní ibùdó kan nínú igbó Ọ̀rẹ̀, fáíbà lè wà ní pípé kí gbogbo wa má rí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ṣé èyí tí ohùn rẹ̀ ròkè jù ló dára jù?

Ìbéèrè yìí ló gbówó lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀gbọ́n ò fẹ́ rà á lọ́wọ́ ọmọ ẹnjiníà yẹn. Ó ní òun á wá a fúnra òun. Ẹnì kan júwe oníṣòwò kan fún un, oníṣòwò náà sì fi méjì hàn án: ti kìlómítà 10 àti ti kìlómítà 80. Èyí tó wọ́n jù ni Ẹ̀gbọ́n mú, ó ra méjì, kí ọ̀kan wà nílé ìdánwò, kí èkejì wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì. Àwa Yorùbá ṣáà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ibi tí okùn rẹ̀ ti wá kò tó kìlómítà 3.

Íntánẹ́ẹ̀tì wọlé. Ó ń wọlé, ó ń jáde. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ó kú pátápátá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le. Ẹ jẹ́ ká ní adití ni mí díẹ̀, mo wá ra ẹ̀rọ etí tó ń sọ ohùn jẹ́jẹ́ di ńlá. O wá dúró tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, o ń fi gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì kígbe. Mi ò ní gbọ́ ohun tí o ń sọ, etí náà á sì bàjẹ́. SFP kìlómítà 80 ń retí ohun tó ti rẹ̀ tó ku ìdá kan nínú ogójì. Nínú kìlómítà 3, ìmọ́lẹ̀ ò tíì rẹ̀ rárá. Ó kọlu ojú tó ń wò ó bí ọ̀sán gangan ṣe ń kọlu ẹni tó jáde láti inú òkùnkùn. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, ojú náà fọ́.

Ọgbọ́n wà fún un. Gíláàsì òjìji kékeré kan wà tí wọ́n ń kì sí ẹnu fáíbà láti bu ìmọ́lẹ̀ kù, kò sì wọ́n. Oníṣòwò tó ta ọjà ò sọ ọ́.

Kí ló dé tí jíjìnnà àti yíyára fi ń bá ara wọn jà?

Rírẹ̀ nìkan kọ́ ni wàhálà ọ̀nà jíjìn. Èyí tó kù ṣòro díẹ̀, ẹ ní sùúrù.

Ìtànṣán lésà kan ṣoṣo, àwọ̀ kan ló jọ, ṣùgbọ́n àwọn àwọ̀ tó sún mọ́ra gidi ló para pọ̀ sínú rẹ̀, wọn kì í sì í sáré bákan náà nínú dígí. Ẹ wo àwọn ọmọ iléèwé tó ń jáde. Kíláàsì kìíní bọ́ síta, lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan kíláàsì kejì tẹ̀ lé e. Lẹ́nu géètì, o lè tọ́ka: àwọn kìíní rèé, àwọn kejì rèé. Tí wọ́n bá fi máa dé Ọjà Ọba, eléré ẹsẹ̀ kíláàsì kejì ti lé onílọ̀ra kíláàsì kìíní bá, wọ́n ti dàpọ̀. Bí ọ̀nà ṣe ń gùn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dàpọ̀ sí i. Bí o bá wá ń tú kíláàsì sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá dípò ìṣẹ́jú kan, wọn ò ní tíì rìn jìnnà kó tó dàrú.

Bí o bá sọ ìyára di ìlọ́po 10, ìlọ́po 100 ni wàhálà yìí ń di, torí kíláàsì túbọ̀ ń súnmọ́ra, ìmọ́lẹ̀ tí a ń tan tí a ń pa kíákíá náà sì túbọ̀ ń ní àwọ̀ púpọ̀ nínú. Ní gígábíìtì 10, ó ṣeé fara dà dé bíi kìlómítà 80. Bí a bá ní ká kàn máa fi títàn àti pípa yẹn gbé 100, kò ní pé kìlómítà kan tí yóò fi dàrú.

Wọ́n bọ́ nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́ ìmọ́lẹ̀ ní ohùn. Mi ò mọ bí àwọn tí èdè wọn ò ní ohùn ṣe ń ṣàlàyé èyí fún ara wọn, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá kò yẹ kó jìyà lórí rẹ̀. Kọ *igba* sílẹ̀ láìfi àmì sí i, lẹ́tà mẹ́ta ni. Fi ohùn sí i: igba ni iye 200, igbá ni a fi ń bu omi, ìgbà ni àkókò, ìgbá ni a ń jẹ, igbà sì ni adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Márùn-ún nínú ẹyọ kan, lẹ́tà ò sì pọ̀ sí i. Títàn àti pípa dà bí agogo: ó dún tàbí kò dún. Ìmọ́lẹ̀ ìgbàlódé yìí dà bí dùndún. Ìlù kọ̀ọ̀kan ní bí ó ṣe le tó, ó ní bí ó ṣe ròkè tàbí bó ṣe wálẹ̀, nítorí náà oríṣi 16 ni ìlù kan ṣoṣo lè jẹ́, ìyẹn sì jẹ́ bíìtì 4 lẹ́ẹ̀kan náà. Onílù méjì ló tún ń lù pọ̀ nínú dígí kan náà, ìmọ́lẹ̀ ọ̀kan dúró ṣánṣán, ti ìkejì dùbúlẹ̀, wọn kì í sì í dí ara wọn lọ́wọ́. Bíìtì 8 nìyẹn ní ìlù kan. Wọ́n ń lu bíi bílíọ̀nù 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ ṣírò rẹ̀, ó lé ní 400. Èyí tó lé, wọ́n fi ń ṣàtúnṣe àṣìgbọ́ ni.

Ẹni tó ń gbọ́ ńkọ́? Ó ní lésà tirẹ̀ nínú, tó fi ń wọn ohùn tó ń bọ̀, bí gúdúgúdú ṣe ń di ohùn kan náà mú kí a lè mọ ibi tí ìyáàlù ti yà. Lẹ́yìn náà, ṣíìpù kékeré kan á jókòó, á ya ọmọ kíláàsì kìíní sọ́tọ̀ kúrò lára ti kejì, torí ó mọ bí dígí ṣe ń ṣe àwọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Kí ló wá dé tí àwọn onílé dátà (ilé tí wọ́n to kọ̀ǹpútà ńlá sí) ń yọ̀ lórí 400ZR?

Torí gbogbo ìlù tí mo sọ yẹn, àpótí ńlá ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ó ní àyè tirẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní iná tirẹ̀, ó ní ẹnjiníà tirẹ̀. Ráútà á fi ìmọ́lẹ̀ kékeré sọ̀rọ̀ sí àpótí náà, àpótí náà á tún un sọ fún ọ̀nà jíjìn.

Ní 2020, àjọ OIF, tí àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí jọ wà nínú rẹ̀, gbé àdéhùn kan jáde tí wọ́n pè ní 400ZR: kí gbogbo rẹ̀ wọnú ẹ̀rọ bí ìka, kí a kì í bọ ráútà tààrà, kó gbé gígábíìtì 400 dé bíi kìlómítà 120, kí ti iléeṣẹ́ kan sì lè bá ti iléeṣẹ́ mìíràn sọ̀rọ̀. Kókó ẹ̀yìn yẹn ni mo fẹ́ràn jù, torí oníbàárà á lè yan ẹni tó fẹ́ rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2024, wọ́n gbé ti 800 jáde.

Kìlómítà 120 kò dé Àkúrẹ́ láti Èkó. Kò sí ẹni tó ní kó dé. Ilé dátà sí ilé dátà nínú ìlú kan ni wọ́n fi ń so, bíi Lekki sí Ìkejà. Fún tiwa, ẹ̀yà kan wà tí wọ́n ń pè ní ZR+. Ó lè rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kó máa lu oríṣi ìlù tó dín kù tí àṣìgbọ́ rẹ̀ kò pọ̀, kó sì gba ọ̀dọ̀ àwọn agbémọ́lẹ̀sókè kọjá fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà. Dátà tó ń gbé lè dín kù, ọ̀nà á gùn.

Fáíbà kan kì í sì í gbé ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo. Bí òṣùmàrè ni: àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé ọjà tirẹ̀, bíi 96 lè wà nínú irun dígí kan lẹ́ẹ̀kan náà láìfarakanra.

Ooru ni ẹ̀sùn mi sí wọn. 400ZR kan lè jẹ iná tó wáàtì 15 sí 20, bíi gílóòbù kékeré, nínú ohun tó ṣeé dì lọ́wọ́. Bí o bá to ọgbọ̀n sójú ráútà kan, èéṣì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ẹ̀yin tí ẹ mọ owó dísù, ẹ ṣírò rẹ̀.

Kí ló kàn mí, èmi tó jẹ́ fóònù ni mò ń lò?

Fóònù rẹ ń bá máàsì sọ̀rọ̀ lójú afẹ́fẹ́. Láti ìdí ọ̀pọ̀ máàsì lọ, fáíbà ló ń gbé e, ó ń lọ títí dé Èkó, níbi tí àwọn okùn abẹ́ òkun bíi MainOne àti Equiano ti gúnlẹ̀. Ní oṣù kẹta 2024 tí okùn mẹ́rin bàjẹ́ lábẹ́ òkun lápá Côte d'Ivoire, tí ọ̀pọ̀ báńkì ò lè ṣiṣẹ́ dáadáa, Àkúrẹ́ náà jìyà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òkun ò sí nítòsí wa.

Module tuntun kò lè so okùn tó já. Ṣùgbọ́n bí okùn bá wà tí èrò sì pọ̀ jù lórí rẹ̀, kò di dandan kí wọ́n tún gbẹ́ títì. Wọ́n lè yọ èyí tó ń gbé 10 lẹ́nu dígí náà, kí wọ́n fi èyí tó ń gbé 100 tàbí 400 sí i. Dígí tí wọ́n ti rì mọ́lẹ̀ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó ṣì lè gbà á.

Bí mo bá fẹ́ rà ńkọ́?

Wọn ọ̀nà rẹ kí o tó lọ sọ́jà. Ra méjì tó bá ara wọn mu: ìyára kan náà, àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kan náà. Bí ó bá jẹ́ irú tó ń fi okùn kan ṣoṣo lọ tó sì ń fi bọ̀, àwọ̀ tí ọ̀kan ń sọ ni èkejì gbọ́dọ̀ máa gbọ́, nítorí náà wọn kì í jọra. Béèrè bóyá ẹ̀rọ rẹ á gbà á, torí àwọn ẹ̀rọ kan máa ń lé SFP iléeṣẹ́ mìíràn bí àlejò tí kò kí onílé.

Kí o sì nu ẹnu fáíbà. Ojú ọ̀nà tí mo ní ó kéré ju irun lọ yẹn, eruku ọyẹ́ kan ṣoṣo lè dí i pa. Láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì, mo gbà pé eruku ń pa íntánẹ́ẹ̀tì ní Àkúrẹ́ ju bí a ṣe mọ̀ lọ. Má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á tún kún un. Nǹkan ìnu tirẹ̀ wà, ó dà bíi bírò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo inú fáíbà tó ń ṣiṣẹ́ o, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé mú èyí tó já lójú títì ṣeré. Ojú kò rí ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè ba ojú jẹ́.

Ọmọ ẹnjiníà yẹn náà la padà lọ bẹ̀. Ó fi ti kìlómítà 10 sí i, ó nu ẹnu fáíbà méjèèjì, iná aláwọ̀ ewé tàn, ìdánwò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Nínú méjì kìlómítà 80 tí Ẹ̀gbọ́n rà, ojú ọ̀kan ti fọ́. Ọ̀kan yòókù ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀. Ó ní bí mo bá mọ ẹnikẹ́ni ní Iléṣà, kí n bá òun bá a sọ̀rọ̀.